Mo Ń Wá Ojú Táyé Kiri Kùmásí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì, 2025

Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má tún un ṣe.

Tàófíìkì ni mò ń bá wí. Ilé rẹ̀ ní àdúgbò Alabar ni mo wọ̀ sí, kéú ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá, Kùmásí níbí ni wọ́n bí i sí, ó ti tó ọmọ àádọ́ta ọdún. Ó fọwọ́ lé Kùránì pé òun ò ní ka ìwé yìí sétí ẹnikẹ́ni. Bó bá kà á, Ọlọ́run á bi í.

Èmi ni Jùnáídù, ayafọ́tò, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Mi ò mọ̀wé. Sàbírátù Táyé, ìyàwó mi, ló máa ń kọ ìwé ilé fọ́tò fún mi. Bí mo bá ya ẹnìkan, màá pe nọ́ńbà, màá pe orúkọ àti ibi tí mo ti yà á, òun á kọ ọ́. Ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ó ti kú. Oṣù mọ́kànlá. Bí ẹnìkan ò bá bá mi kọ ọ́, mi ò ní mọ ohun tí mo yà.

Irọ́ ni mo pa wá síbí. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi, Hàbíbà àti Ànwár, pé mo fẹ́ fojú rí ìlú àtijọ́ tí wọ́n ti bí ìyá wọn, kí n yà á sínú kámẹ́rà kí n tó kú. Hàbíbà sunkún. Ó ní èrò tó dára ni.

Òótọ́ rẹ̀ nìyí. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí ni àdúrà ọdún kan. Hàbíbà ní kí n mú fọ́tò ìyá wọn wá, àwọn fẹ́ fi ṣe kàlẹ́ńdà. Mo ní ó wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ ló sọnù. Ànwár mú wẹ́dà wá. Mo lé wẹ́dà dé títì. Kò sí nǹkan kan nínú àpótí. Ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin ín, mo kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ àti gbogbo fíìmù rẹ̀ sẹ́yìn ilé, mo dáná sun ún. Gbogbo ara ògiri ló wà, ó ń wò mí. Mo bá a sọ̀rọ̀, kò dáhùn. Inú bí mi.

Tàófíìkì gbé bírò sílẹ̀. Mo ní gbé e.

Ìbejì ni Táyé. Kẹ́hìndé rẹ̀, Ràzíátù, wà ní Kùmásí níbí. Nígbà tí ìjọba lé àwọn àlejò kúrò ní Gánà ní 1969, Táyé bá àwọn òbí wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kẹ́hìndé ti fẹ́ ọmọ Àṣàǹtí kan, kò tẹ̀lé wọn. Bàbá wọn ní òun ò bí i mọ́. Mi ò rí i rí.

Nínú iṣẹ́ wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò, ẹni tó kù là ń yà lẹ́ẹ̀mejì. Á jókòó lápá ọ̀tún, á tún jókòó lápá òsì, a ó fọ̀ ọ́ pọ̀ sójú bébà kan, ìbejì á pé. Ọ̀pọ̀ ìyá ni mo ti ṣe é fún. Nítorí náà màá ya Kẹ́hìndé, màá gbé e fún Hàbíbà, màá ní ìyá rẹ̀ nìyí. Ta ló máa mọ̀?

Kámẹ́rà mi ni Olójúméjì, ó ní awò méjì, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nísàlẹ̀. Fíìmù kan ṣoṣo ló kù. Sàlmàn, ayafọ́tò ẹgbẹ́ mi kan, ló bá mi rí i ní Ìbàdàn, ó sì ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. Ẹyọ méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Mi ò lè fi ṣòfò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo fi méjì ṣòfò.

Òkè ni gbogbo ìlú yìí. O gun ọ̀kan tán, òmíràn dúró dè ọ́. Páànù orí ilé ti pupa, erùpẹ̀ pupa, ọyẹ́ sì wà lókè bí aṣọ tí wọn ò fọ̀. Ọjà Kejetia – ilé ńlá kan, ọjà mìíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀, ọjà tún wà lórí títì. Àwọn ọmọbìnrin aláàárù ń ké “agoo” kí wọ́n tó gbá ọ. Mo yà fún ọ̀kan, òmíràn gbá mi.

Nọ́ńbà kìíní: orí páànù Kejetia láti orí afárá.

Òkú ló wà lára gbogbo ògiri. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Bí ẹnìkan bá kú ní Kùmásí, wọ́n á fọ fọ́tò rẹ̀ tóbi bí ilẹ̀kùn, wọ́n á so ó síta, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá arúgbó, ọlọ́pàá, olùkọ́. Tàófíìkì ní wọ́n kọ ọ́ sí i pé “ìyàlẹ́nu ńlá”. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ta ni ó yà lẹ́nu?

Nọ́ńbà kejì: ògiri òkú. Mi ò mọ ìdí tí mo fi yà á.

Mo bi Tàófíìkì bí wọ́n ṣe ń pe ìbejì ní Twi. Ó ní Ata. Ẹ̀gbọ́n ni Ata Panin, àbúrò ni Ata Kakra. Ó dára. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Ata Panin ni mò ń wá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ẹsẹ̀ wú. Ọmọ ogún ń ké kéú létí mi láti àárọ̀. Bí wọ́n bá ṣì í kà, Tàófíìkì kì í gbọ́. Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n, mò ń gbọ́.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ wo odi àtijọ́ tí àwọn òyìnbó kọ́. Ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ọ yọ́ wá wo Olójúméjì, ó ní ṣé rédíò ni. Mo ní rárá. Ó ní ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Mo ní ìwọ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó dúró ṣánṣán, ó ní kí n ya òun. Nọ́ńbà kẹta: ṣọ́jà.

Nọ́ńbà kẹrin: itan mi. Inú tirótiró, mọ́tò akérò wọn, ni. Ìyá kan gbé agbọ̀n tòmátì lé mi, ìka mi tẹ nǹkan. Kọ ọ́, Tàófíìkì. Itan náà ti wọ ìwé.

Mo dé Ashanti New Town, mo ń béèrè kiri. Gifty, ìyàwó ilé kan tó ń ta káàdì ìpè, gbọ́ Hausa díẹ̀. Ó ní, “Papa, Ata Kakra ló wà níbí, ìyá oníàga. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ.” Mo ní Kakra kọ́. Ó ní ìyá dáadáa ni. Mo ní mi ò bi ọ́ léèrè ìwà rẹ̀, Panin ni mò ń wá, ẹ̀gbọ́n! Ó ká ètè, ó ní a jẹ́ pé Fante New Town ni kí n lọ, Ata Panin arúgbó kan wà níbẹ̀, ìkejì rẹ̀ ò sí níbí mọ́.

Ìkejì rẹ̀ ò sí níbí mọ́! Inú mi dùn débi pé mo ra káàdì. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sínú fóònù.

Jímọ̀, ọjọ́ keje

Hàbíbà pè. Ó ní ṣé mò ń gbádùn ìlú náà. Mo ní mò ń gbádùn rẹ̀. Ó ní ṣé mo rántí ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí. Mo ní ohùn rẹ̀ ò já geere. Mo pa á.

Sátidé, ọjọ́ kẹjọ

Sátidé ni ọjọ́ òkú níbí. Gbogbo ìlú wọ dúdú àti pupa. Èmi wọ agbádá funfun, mò ń lọ Fante New Town ní tèmi, títì dí. Àtíbàbà láti ìhín dé ọ̀hún. Ọkùnrin kan dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní “Àlùfáà, akwaaba”, ó fi mí jókòó sí iwájú. Mo ní mi ò mọ òkú. Wọ́n fún mi ní omi. Mo ní ayafọ́tò ni mí. Wọ́n fún mi ní ẹran.

Mo jókòó títí ìrọ̀lẹ́. Àga oníke bulúù, wọ́n kọ nǹkan sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi ẹ̀yìn tì í. Ìlù, orin, ìjó. Àwọn ayafọ́tò ọmọdé ń yà èèyàn, wọ́n ń fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lára ẹ̀rọ kékeré, wọ́n ń gbé e wá bá ọ níbi tó o jókòó sí. Mo rí ara mi lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn: arúgbó nínú aṣọ funfun, ẹran lẹ́nu. Ó ní kí n rà á. Mo sọ fún un pé iná tó lò ti pọ̀ jù.

Èmi sin ìyàwó mi kí oòrùn tó wọ̀, bí Ìsìláàmù ṣe sọ. Kò sí ẹni tó jó. Mi ò sunkún. Wọ́n ní ọkùnrin ni mí.

Nọ́ńbà karùn-ún: opó ọkùnrin kan tó ń jó. Ọmọ rẹ̀ di ìgbànú rẹ̀ mú kó má baà ṣubú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo rí Ata Panin. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n tún rí irú rẹ̀.

Fante New Town, ilé olójúlé mẹ́fà. Ó jókòó sí ààrin àgbàlá bí ọbabìnrin, nítorí náà Ọbabìnrin ni mo sọ ọ́. Ó gbọ́ Hausa, ó ti ta ìrẹsì rí. Kí n tó sọ̀rọ̀ ó rí kámẹ́rà. Ó ní òun ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan àyàfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ ya òun.

Mo wò ó. Kò jọ Táyé rárá. Imú rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ jìnnà síra wọn. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ orí ni. Mo sọ fún ara mi pé fùfù ni. Mo yà á.

Nọ́ńbà kẹfà: Ọbabìnrin nínú aṣọ aláwọ̀ ewé. Nọ́ńbà keje: ó ní òun ti ṣẹ́jú. Nọ́ńbà kẹjọ: ó wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Nọ́ńbà kẹsàn-án: pẹ̀lú Bíbélì. Nọ́ńbà kẹwàá: pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin mẹ́ta, àwọn náà lọ pààrọ̀ aṣọ. Nọ́ńbà kọkànlá: ẹ̀gbẹ́ kan ojú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya ayaba kan rí.

Mo wá bi í léèrè Táyé. Ó ní ta ni Táyé? Mo ní ìkejì yín, àbúrò yín, tó kọ́kọ́ jáde. Ó ní èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ Panin. Mo ní bí ẹ bá kọ́kọ́ jáde, ẹ̀yin ni àbúrò.

Ó dìde. Mi ò rò pé ó lè dìde.

Ó ní, “Arúgbó yìí, bí ìwọ bá kọ́kọ́ wọ mọ́tò, ṣé ìwọ ni àbúrò ẹni tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn?” Mo ní ti mọ́tò kọ́. Ẹ̀gbọ́n ló jókòó nínú ikùn, ó rán àbúrò níṣẹ́ pé lọ bá mi wo ayé wò. Ó ní, “Ta ló rán mi níṣẹ́? Kofi tí mo sún sẹ́yìn kí n lè kọjá?” Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́. Wọ́n wá gbọ́. Àwọn ará ilé wá gbọ́. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò mọ ìyẹn ní Nàìjíríà? Ìkejì rẹ̀, ọkùnrin ni! Ó kú ní ọmọ ọdún méje.

Ibẹ̀ ni mo ti dúró. Mo wo kámẹ́rà. Ẹyọ kan ló kù.

Gbogbo Kùmásí ka Táyé sí ẹ̀gbọ́n. Kẹ́hìndé ni Kakra.

Mo dé ilé, mo sọ ọ́ fún Tàófíìkì. Ó ní òun ti rò ó láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀? Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kí n má tún un ṣe.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ashanti New Town, èmi àti Tàófíìkì. Gifty rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kí n tó débẹ̀.

Àgbàlá ńlá kan, àga oníke bulúù tò gègèrè débi òrùlé. Tàófíìkì ka ẹ̀yìn wọn. Ó ní, “Bàbá, ATA KAKRA ni wọ́n kọ síbẹ̀.” Orí orúkọ rẹ̀ ni mo jókòó lé ní gbogbo Sátidé. Òun ló ń fi àga àti àtíbàbà háyà fún àwọn olókùú.

Ọmọ rẹ̀, Godfred, ọkùnrin gíga, ké sí i nínú ilé. Ó jáde wá. Táyé mi tín-ín-rín, kò pariwo rí. Èyí kún ẹnu ọ̀nà, ó sì ti ń bú ẹnìkan ní Twi kí n tó rí ojú rẹ̀. Àmì dúdú kan bí ẹyọ ẹ̀wà wà lábẹ́ ojú ọ̀tún. Ti Táyé, abẹ́ ojú òsì ni. Kò jọ ọ́. Mo ní mo gbé.

Mo pe orúkọ mi. Mo ní èmi ni ọkọ Táyé. Ó yí sí Yorùbá bíi pé àná ló sọ ọ́ kẹ́yìn.

“Ọkọ àbúrò mi ni yín?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Kí lẹ wá ń ṣe lórí ìdúró? Ẹ dọ̀bálẹ̀!”

Mo fi ọdún mẹ́rin ju obìnrin yìí lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní àyà mi ò kanlẹ̀. Mo fi àyà kanlẹ̀. Dídìde ló kù, Godfred àti Tàófíìkì ló fà mí. Ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní láti ọdún tí wọ́n ti lọ, kò sí ẹnì kan tó pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́, Kakra, Kakra, bíi pé òun ni wọ́n máa ń rán níṣẹ́.

Ó ní, “Òun ńkọ́?”

Oṣù mọ́kànlá ni mo ti ń sọ ọ́ gbàgà pé ó kú. Mo sọ ọ́ fún lèmọ́mù, mo sọ ọ́ fún alápatà. Mo lanu. Mo ní, “Ó lọ sí Èkó.” Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún ìbejì. Mo rò pé kò ní mọ̀ ọ́n, ó ti di ará ibí.

Ó mọ̀ ọ́n. Ó fa àga kan, ó jókòó.

“Ìgbà wo ló lọ?”

“Oṣù mọ́kànlá.”

“Ó dágbére?”

“Rárá. Lẹ́yìn ìrun àsárì. Ó ń to abọ́.”

“Bó ṣe ṣe mí nìyẹn ní ibùdókọ̀. Kò wẹ̀yìn.”

Godfred ń sọ “due, due”, pẹ̀lẹ́, fún un, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò. 

Àlàmísì, ọjọ́ kẹtàlá

Tàófíìkì ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ní kọ ọ́ pé mi ò sọ̀rọ̀.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mo padà lọ. Mo ní mo fẹ́ yà á. Ó ní ó dára. Ó so gèlè, mo ní kó tú u. Ó kun ètè, mo ní kó nù ún. Ó ní irú ayafọ́tò wo ló ń ba èèyàn jẹ́? Mo gbé e síbi ìbòòji.

Bí Olójúméjì ṣe rí: orí rẹ̀ lo máa ṣí, o ó wo ìsàlẹ̀, ẹni tó jókòó á wà lójú dígí kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀tún á di òsì. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe é, mi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan.

Mo wo ìsàlẹ̀. Táyé ni.

Àmì náà bọ́ sí abẹ́ ojú òsì. Ẹnu tó tẹ̀ sápá kan. Ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ díẹ̀. Òun gan-an. Mo gbé ojú sókè: obìnrin oníàga. Mo wo ìsàlẹ̀: ìyàwó mi. Mo sì mọ ohun tí màá ṣe – bí mo bá dé ilé, màá dojú fíìmù dé kí n tó fọ̀ ọ́, ọ̀tún á di òsì lójú bébà náà. Iṣẹ́ kékeré. Hàbíbà ò ní mọ̀ láé.

Mo pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, “Ọkọ àbúrò mi, ọrùn ń ro mí. Kí lẹ ń wò?”

Mo sọ fún un. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo sọ ti iná, ti àpótí, ti wẹ́dà, ti kàlẹ́ńdà.

Ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kámẹ́rà méjèèjì.

“Ẹ fẹ́ fi ojú mi tan ọmọ àbúrò mi jẹ.”

Mo ní kò ní dùn wọ́n bí wọn ò bá mọ̀.

“Ta ló ń sọ tiwọn? Lọ́jọ́ tí kàlẹ́ńdà yẹn bá dé ara ògiri yín, ta lẹ máa máa wò? Èmi? Ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni wọ́n fi sọ pé èmi ò sí láyé. Ẹ wá fẹ́ kí n wà láyé, kí n máa jẹ́ òun?” Ó ní Godfred, gba àga lábẹ́ bàbá yìí.

Godfred gba àga.

Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Obìnrin burúkú. Kọ ọ́ gàdàgbà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Tàófíìkì ní bí òun bá ní láti sọ tòun. Mo ní o ò ní láti sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Ó ní ìwé tí mo ní kó kọ ní àṣírí yìí, òun rò pé ẹni tí mò ń sọ ọ́ fún wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní kó má kọ ìyẹn. Ó ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo lọ ní àárọ̀. Ó ń ka àga tó ti ibi òkú Sátidé dé, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ti kán. Ó ní ṣé èmi náà fẹ́ háyà. Mo ní kí Godfred bá mi pe Hàbíbà, èyí tí wọ́n ń fi ojú rí ojú.

Hàbíbà yọ. Ànwár wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹun. Mo ní ẹ gbọ́. Mo ní kò sí kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Mo ní mo dáná sun ìyá yín. Mo ní fọ́tò rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ ni mo sun. Gbogbo rẹ̀. Kò ku ẹyọ kan.

 Ànwár gbé ṣíbí sílẹ̀.

Hàbíbà ní, “Bàbá, a mọ̀.”

Mo ní ta ló sọ fún yín?

Ó ní, “Fíìmù lẹ sun lẹ́yìn ilé, Bàbá. Gbogbo àdúgbò ló gbóòórùn rẹ̀. Ìyá Ìmísí ń húkọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.”

Mo ní kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń bi mí léèrè fọ́tò?

“A ń dúró kí ẹ sọ ọ́ fún wa.”

Mo ní wẹ́dà ńkọ́?

Ànwár ní, “Èmi ni. Mo rò pé ẹ̀rù wẹ́dà á mú yín sọ ọ́.” Ó bú sẹ́rìn-ín, àbí ẹkún ni, fóònù ò jẹ́ kí n mọ̀. Tèmi ni mo mọ̀. Tàófíìkì, kọ ọ́ pé mo sunkún. Iwájú ọmọ mi méjèèjì àti irínwó àga.

Kẹ́hìndé gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Àwọn wo ló ń pa ọkọ àbúrò mi lẹ́kún?”

Hàbíbà gbọ́ ohùn yẹn, ó kúnlẹ̀, fóònù ṣubú, àjà ilé wa ni mo rí. Nígbà tó gbé e, ó wo obìnrin náà títí. Ó ní kò jọ ọ́ lójú. Ó ní ohùn Màmá ni. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ nǹkan kan.” Kẹ́hìndé tún sọ nǹkan kan. Wọ́n lo gbogbo káàdì Godfred.

Èmi náà ti gbọ́ ohùn náà láti Ọjọ́rú. Mi ò sọ ọ́ fún Tàófíìkì.

Ó ní òun ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún àdúrà náà, bàbá tó kọ òun ti kú, kò lè lé òun. Ọ̀túnla ni a ó wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní òun ló máa jókòó sí ojú fèrèsé. Mo ní ẹsẹ̀ mi wú. Ó ní ta ni ẹ̀gbọ́n?

Lẹ́yìn náà ó tún gèlè rẹ̀ so, ó kun ètè rẹ̀, ó fa àga kan sójú oòrùn, ó ní ó yá. Mo ṣí Olójúméjì. Mo wo ìsàlẹ̀ díẹ̀, kò pẹ́. Mo gbé ojú sókè, òun alára ni mo ń wò nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́.

Nọ́ńbà kejìlá: Ràzíátù Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, Kùmásí. Mi ò ní dojú fíìmù dé. Ọ̀tún á wà ní ọ̀tún. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.